Orí Kẹsàn-án: Ká Tún Un Ṣe ni, Tàbí Ká Gba Owó? Ìpinnu Onímọ́tò Lẹ́yìn Ìdíyelé Òfò

Ní orí tó ṣáájú èyí ni a ti sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe ń ra ìwé ìnṣọ́ránsì mọ́tò àti àwọn ohun tó yẹ kó kà dáadáa kó tó sanwó. Èyí tó kàn wá báyìí ni ọjọ́ tí ìwé náà yóò jáde láti inú àpótí, nígbà tí irin bá ti kan irin, tí ọlọ́pàá ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ náà dé ọgbà mẹkáníìkì, tí adíyelófò tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò rán wá sì ti yí i po pẹ̀lú kámẹ́rà àti ìwé lọ́wọ́, tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, tó kọ iye kan sílẹ̀, tó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹni tí Ògún Lákáayé ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú irú ewu bẹ́ẹ̀ kò ní ju ọpẹ́ lẹ́nu, ọpẹ́ náà sì tọ́; àmọ́ àwọn baba wa ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ tí àyà onímọ́tò ṣì ń já gan-an ni wọn yóò gbé ìwé síwájú rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i, ìfọwọ́sí náà ni yóò sì sọ bóyá ọkọ̀ yóò padà sí ojú títì, tàbí yóò di òkú irin tí ẹlòmíràn yóò rà.

Ohun tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú ṣinṣin nínú orí yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Iye tí adíyelófò kọ sílẹ̀ jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè tí ilé-iṣẹ́ tó rán an níṣẹ́ bi í, èyí tí í ṣe pé nínú àtúnṣe àti ìsanpadà, èwo ni kò ní ná àwọn lówó púpọ̀. Kò dáhùn ìbéèrè ti onímọ́tò, tí í ṣe pé kí ni yóò kù sí òun lọ́wọ́ nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, àti pé ṣé ohun tó kù náà yóò ṣeé fi gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé láìfòyà. Adíyelófò lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, ó sì sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà láìgba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀ràn adójútòfò; ṣùgbọ́n ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni, bí onímọ́tò kò bá sì jókòó ṣe ìṣirò tirẹ̀, ìṣirò ẹlòmíràn ni yóò máa fi gbé ayé.

Ohun tí ìwé náà ṣèlérí

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òfin tó sọ ìnṣọ́ránsì mọ́tò di dandan ti ṣẹ̀ wá bá wa: ọdún 1930 ni wọ́n fi í lélẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, nígbà tó sì di ọdún 1945, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún Nàìjíríà tó wà lábẹ́ wọn nígbà náà. Kì í ṣe nítorí ẹni tó ni mọ́tò ni wọ́n ṣe ṣe é, bí kò ṣe nítorí ẹni tí mọ́tò lè ṣe léṣe. Títí di òní olónìí, ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà kí ọlọ́pàá má baà dá wọn dúró lójú ọ̀nà, èyí tí a ń pè ní tọ́ọ̀dì-páàtì, kò ní kọ́bọ̀ kan nínú fún ọkọ̀ ẹni tó rà á. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí NAICOM ti sọ owó rẹ̀ di ₦15,000 fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ènìyàn ń lò fún ara rẹ̀, láti orí ₦5,000 tó wà tẹ́lẹ̀, ohun tí ìwé náà lè san fún ohun ìní ẹlòmíràn tó bàjẹ́ kò ju ₦3,000,000 lọ. Ẹni tí wọ́n kọ lù láìṣẹ̀ lè fi ìwé ti ẹni tó jẹ̀bi tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe dé ìwọ̀n iye yẹn. Bí ìbàjẹ́ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọrùn ẹni tó jẹ̀bi ni ìyókù wà, gbígbà á lọ́wọ́ rẹ̀ sì di ẹjọ́ mìíràn.

Ìwé kejì, tí a ń pè ní kọmpirihẹ́ńsíìfù, ni ọ̀rọ̀ orí yìí dá lé ní tòótọ́, nítorí òun ló ń dúró fún ọkọ̀ ẹni tó rà á pàápàá. NAICOM kò fàyè gbà á kí ilé-iṣẹ́ kankan ta á ní iye tó kéré sí ìdá 5 nínú 100 iye tí wọ́n kọ sínú ìwé pé ọkọ̀ náà tó. Ọgbọ́n tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé kí a dá onímọ́tò padà sí ipò tó wà kí ewu tó dé. Wọn kò ṣèlérí pé kó sàn fún un ju bó ti wà lọ. Ní ọdún 1883, ilé-ẹjọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Preston, ẹni tó ti bá oníbàárà ṣe àdéhùn láti ta ilé rẹ̀. Kí owó tó pé, iná jó apá kan ilé náà, ilé-iṣẹ́ adójútòfò san £330 fún un, lẹ́yìn èyí ni oníbàárà rẹ̀ sì san owó ilé pé láìyọ kọ́bọ̀. Ilé-ẹjọ́ ní kó dá owó adójútòfò padà, pé kò tọ́ kí ènìyàn fi òfò ṣe èrè. Gbogbo ìwé ìnṣọ́ránsì mọ́tò tí wọ́n ń tà ní Marínà ní Èkó àti ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn lónìí, orí ìpìlẹ̀ yẹn ni wọ́n dúró lé.

Gbólóhùn kan tún wà nínú ìwé wọ̀nyí tí ojú ọ̀pọ̀ kì í tó, òun ni èyí tó ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló ní ẹ̀tọ́ láti yàn bóyá yóò tún ọkọ̀ ṣe, tàbí yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, tàbí yóò ka owó lé onímọ́tò lọ́wọ́. Ẹni tó bá ka gbólóhùn yìí lè rò pé kò sí ohun kan tó kù fún òun láti pinnu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti yàn ṣì máa ń fetí sí ẹni tó mú ìṣirò tó já gaara wá, a ó sì rí i láìpẹ́ pé àwọn ìgbà kan wà tí ohun tí yóò ṣe onímọ́tò láǹfààní jẹ́ ohun tí yóò dín ìnáwó ilé-iṣẹ́ náà kù pẹ̀lú.

Ìṣirò tí wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì

Inú òkun ni ìṣirò náà ti wá, kì í ṣe ojú títì. Àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ojú omi ló kọ́kọ́ ronú pé ọkọ̀ tí kò tíì rì, ṣùgbọ́n tí owó àtúnṣe rẹ̀ yóò ju iye tí ọkọ̀ náà yóò tó lọ lẹ́yìn àtúnṣe, kò yàtọ̀ sí èyí tó ti rì. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1906 lórí adójútòfò ojú omi kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1961 lẹ́yìn tí a gba òmìnira. Irú òfò bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pè ní òfò abá-pátápátá-dọ́gba nínú ìwé yìí, ká lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára òfò pátápátá, tí í ṣe ti mọ́tò tó jóná di eérú tàbí tí olè gbé lọ tí a kò sì rí mọ́.

Ká mú àpẹẹrẹ kan tí a ó lò títí dé òpin. Ká ní Lágbájá ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó tó ₦6,000,000 ní ọjà, tí ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sínú ìwé, tó san ₦300,000 fún ọdún kan. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lójijì níwájú rẹ̀ ní ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, ó sì forí sọ ọ́ nídìí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ká sókè, bọ́ńpà já, iná iwájú méjèèjì fọ́, rédíétọ̀ sì jò. Adíyelófò wò ó, ó ní ₦2,700,000 ni yóò gbà. Bí a bá sì gbé ọkọ̀ náà bó ti wà yẹn fún àwọn tó ń ra òkú mọ́tò, tí wọ́n ń tú u tà ní Ládipọ̀ ní Mushin tàbí ní Gate ní Ìbàdàn, wọn yóò san ₦1,500,000. Nínú ìwé Lágbájá ni wọ́n ti kọ ọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa san ìdá 10 nínú 100 òfò èyíkéyìí. Oríṣiríṣi ni iye yìí láti ilé-iṣẹ́ kan dé òmíràn, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé òfin ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọ́fíìsì, ohun tí wọ́n ń fi wéra nìyí: bí a bá tún un ṣe, a ó san ₦2,700,000, ká yọ ₦270,000 ìpín onímọ́tò kúrò, ó ku ₦2,430,000; bí a bá kà á sí òfò abá-pátápátá-dọ́gba, a ó san ₦6,000,000, ká yọ ₦600,000 kúrò, kí a sì ta òkú mọ́tò ní ₦1,500,000, ó ku ₦3,900,000. Àtúnṣe ló fún wọn láyọ̀. Kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìlara, ìṣirò ni.

Ìṣirò tó yẹ kí onímọ́tò ṣe

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Lágbájá yóò bi ara rẹ̀ kì í ṣe pé ọkọ̀ mi tó iye mélòó, nítorí pé ọkọ̀ tó tó ₦6,000,000 yẹn ti lọ, kò sì sí àtúnṣe kan tí í dá ọjọ́ àná padà. Ohun tó yẹ kó béèrè ni pé: kí ni àtúnṣe yóò fi kún ohun tó wà nílẹ̀? Lónìí, òkú mọ́tò tó tó ₦1,500,000 ló wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá tún un ṣe dáadáa, ẹni tó mọ mọ́tò yóò ṣì rí ọ̀dà tuntun lára rẹ̀, yóò gbá a ní ìka yóò gbọ́ ìró pọ́tì lábẹ́ ọ̀dà, kò sì ní san ₦6,000,000. Ká ní yóò san ₦5,400,000. Èyí ni pé àtúnṣe fi ₦3,900,000 kún un, owó tí ó sì gbà kò ju ₦2,700,000 lọ. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ bọ́gbọ́n mu, ilé-iṣẹ́ àti onímọ́tò lè jọ gbọ́ ara wọn yé, kò sì gba àríyànjiyàn.

Ṣùgbọ́n mọ́tò kì í sọ tinú rẹ̀ lójú kan. Adíyelófò wo ohun tí ojú rí. Ìgbà tí pánẹ́ẹ̀lì-bítà bá tú bọ́nẹ́ẹ̀tì àti rédíétọ̀ kúrò ni a tó mọ̀ pé igi irin méjì tó gbé ẹ́ńjìnì dání ti wọ́, pé ìdè gíà ti ya, pé ẹ̀rọ amúlétutù ti fọ́ nínú. Wọn yóò kọ ìwé ìdíyelé kejì, ká sì ní ₦1,300,000 ni wọ́n fi kún un, tí gbogbo rẹ̀ di ₦4,000,000. Nísinsìnyí, nítorí pé ìbàjẹ́ ti wọ egungun, ẹni tí yóò rà á lẹ́yìn àtúnṣe kò ní fi ju ₦4,800,000 lé e. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣírò. Ìnáwó ilé-iṣẹ́ lórí àtúnṣe ti di ₦3,600,000 lẹ́yìn tí a bá yọ ₦400,000 ìpín Lágbájá. Ó ṣì kéré sí ₦3,900,000 ti òfò abá-pátápátá-dọ́gba, nítorí náà wọn yóò ṣì ní kí wọ́n máa tún un ṣe lọ. Lágbájá ní tirẹ̀ yóò ní ọkọ̀ tó tó ₦4,800,000, yóò sì ti fi ₦400,000 sílẹ̀, èyí tó fi ₦4,400,000 sí i lọ́wọ́. Bí wọ́n bá kà á sí òfò, ₦5,400,000 ni ìbá gbà. Kí ilé-iṣẹ́ lè dín ₦300,000 kù nínú ìnáwó rẹ̀, Lágbájá pàdánù ₦1,000,000.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n orí yìí fìdí sí. Àtúnṣe tó gba ₦4,000,000 kò fi ju ₦3,300,000 kún òkú mọ́tò náà. ₦700,000 ni ó ń dà sínú ihò láìsí ẹni tó ń jẹ ẹ́. Níbi tí owó bá ti ń ṣòfò bẹ́ẹ̀, àyè ìdúnàádúrà wà. Bí Lágbájá bá lọ bá wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù, tó ní kí wọ́n fi àtúnṣe sílẹ̀, kí wọ́n san ₦5,000,000 fún òun, kí wọ́n sì gbé òkú mọ́tò náà tà, ìnáwó wọn yóò di ₦3,500,000, èyí tó kéré sí ti àtúnṣe pàápàá, owó tó sì wọlé fún Lágbájá yóò fi ₦600,000 ju ohun tí ìbá ní lọ. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ti rí àwọn tó lọ sí ọ́fíìsì adójútòfò láti lọ pariwo pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ, tí wọ́n sì padà lọ́wọ́ òfo, nígbà tó jẹ́ pé ìwé kan tí wọ́n bá kọ ìlà mẹ́rin ìṣirò sí ni ìbá ṣe iṣẹ́ náà.

Àkókò tún ń ṣe tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara mọ́tò tí à ń lò ló ń ti òkè òkun wá, owó dọ́là ni wọ́n fi ń rà wọ́n, ẹni tó ń ta iná iwájú kò sì ní dúró de ìgbà tí ìwé ìdíyelé bá gba ìfọwọ́sí ọ̀gá mẹ́ta kó tó gbé owó lé ọjà rẹ̀. Ìwé ìdíyelé tó ti pẹ́ kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò kọ. Onímọ́tò tó bá gbọ́n yóò béèrè pé kí wọ́n tún un wò kó tó gbà pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí bí owó bá tán nígbà tí ọkọ̀ ti tú sílẹ̀ ní ọgbà pánẹ́ẹ̀lì-bítà, òun ni yóò máa wá ìyókù kiri.

Ti ẹni tí iye inú ìwé rẹ̀ ti di àtijọ́

Ọ̀rọ̀ Lágbájá dára nítorí pé iye ọjà ni ó kọ sínú ìwé. Púpọ̀ nínú wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀ ní ọdún 2020 ní ₦2,500,000 lè máa fi iye yẹn sọ ìwé rẹ̀ di ọ̀tun lọ́dọọdún, kí owó tí yóò san má baà pọ̀ sí i; ṣùgbọ́n nígbà tó di Oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní ọjà owó òkèèrè, dọ́là tí kò tó ₦500 ní ọjà ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kí ọdún 2024 sì tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Mọ́tò bá a gòkè. Ọkọ̀ ₦2,500,000 di ₦6,000,000 láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín fọ̀ ọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìwé ìnṣọ́ránsì nìkan ló jókòó síbi tó wà.

Ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ewu bá dé, méjèèjì kò sì dára. Èkíní, bí gbólóhùn ìpín bá wà nínú ìwé rẹ̀, wọn yóò ní nítorí pé iye tó kọ kò tó ìdajì iye ọkọ̀, òun náà jẹ́ adójútòfò ara rẹ̀ lórí ìyókù: àtúnṣe tó gba ₦2,400,000, wọn yóò fi 2,500,000 pín in lórí 6,000,000, ₦1,000,000 ni wọn yóò san, òun yóò sì wá ₦1,400,000. Èkejì burú jù ú lọ, ó sì máa ń wá pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Wọ́n lè sọ fún un pé àtúnṣe ₦2,400,000 ti súnmọ́ ₦2,500,000 inú ìwé, pé òfò abá-pátápátá-dọ́gba ni, kó gba ₦2,500,000 rẹ̀ kó sì kó ìwé ọkọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó lè dúpẹ́. Àmọ́ òkú mọ́tò tó kó sílẹ̀ yẹn, tí ìbàjẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, lè tó ₦3,000,000 bó ti wà, bí wọ́n bá sì tún un ṣe, ₦5,600,000 ni wọn yóò tà á. Ní irú ipò yìí, kódà bó bá jẹ́ ₦1,000,000 péré ni wọn yóò san, àtúnṣe ni kó mú, nítorí ọkọ̀ ₦5,600,000 tí ó fi ₦1,400,000 tirẹ̀ ṣe sàn ju ₦2,500,000 tí a kà lé e lọ́wọ́. Bí wọ́n bá sì ta kú pé òfò ni, kó ní kí wọ́n fi òkú mọ́tò sílẹ̀ fún òun, kí wọ́n yọ iye tí àwọn méjèèjì bá jọ fi ẹnu kò sí kúrò nínú owó.

Ohun tí owó kò lè sọ

Títí di ibí yìí, bí oníṣirò ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀mí ènìyàn kò ṣeé fi náírà wọ̀n, àwọn ìgbà kan sì wà tí ìṣirò yóò ní kí a tún ọkọ̀ ṣe, tí èmi yóò sì ní rárá.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní, irú Toyota Corolla àti Camry tó kún títì wa, kò ní ṣáńsì tó dá dúró lọ́tọ̀ bí ti Hilux tàbí ọkọ̀ akẹ́rù. Ara ọkọ̀ náà gan-an ni ṣáńsì rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì jó pọ̀ mọ́ra. Láti ọdún 1959, tí ilé-iṣẹ́ Mercedes-Benz ti gbé ọkọ̀ tí Béla Barényi ronú ọgbọ́n rẹ̀ jáde, ni wọ́n ti ń ṣe iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ kó lè máa rún wọlé bó bá forí gbárí, kí agbára ìkọlù tán sínú irin kó tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Irin tó ti rún wọlé lẹ́ẹ̀kan ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Bí pánẹ́ẹ̀lì-bítà bá fi jáàkì àti ṣéènì fà á jáde, tó fi iná jó o, tó fi pọ́tì dán an, yóò dára lójú. Ṣùgbọ́n igbá tí wọ́n fi okùn ran lè gba ọkà, kò lè gba omi mọ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ bí irin náà yóò ṣe hùwà lọ́jọ́ kejì tí ewu bá dé. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn gígùn àti ìbú irin abẹ́ ọkọ̀ títí dé ìwọ̀n mìlímítà. Bí ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá ní kí a gbé ọkọ̀ tí egungun rẹ̀ wọ́ lọ sí ọgbà tí kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí onímọ́tò kọ̀, kó sì kọ ìkọ̀sílẹ̀ náà sínú lẹ́tà.

Ti àpò afẹ́fẹ́ tún le ju èyí lọ. Ìgbà kan ṣoṣo ni àpò náà ń tú; bó bá ti tú, àpò tuntun ni, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń pàṣẹ fún un, àti bẹ́líìtì tí ń fa ara rẹ̀ mọ́ni láyà lákòókò ewu, nítorí òun náà máa ń yìn lẹ́ẹ̀kan péré. Iye wọn ga, a sì ti rí àwọn tí yóò rán dáṣíbọọ̀dù padà, tí wọn yóò sì fi wáyà kékeré kan pa iná ìkìlọ̀ kó má baà máa tàn. Ẹni tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé òfìfo ló wà níwájú òun. Nítorí náà, bí ìwé ìdíyelé bá dé tí àpò afẹ́fẹ́ ti tú ṣùgbọ́n tí a kò rí i nínú àkọsílẹ̀ ohun tí wọn yóò rà, ìwé náà kò tíì pé, ẹnikẹ́ni tó wù kó kọ ọ́.

Mọ́tò tí omi gbà mọ́lẹ̀, irú èyí tí à ń rí ní Lẹ́kí àti Àjáh nígbà òjò, kò ní pẹ́ lẹ́nu wa. Bí omi bá ti kọjá ìjókòó, tó wọ àwọn wáyà àti kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, kí onímọ́tò gba owó. Wáyà tó ń dípẹtà kì í sọ ọjọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ ibi.

Àwọn ọkọ̀ tó ti kú lókè òkun kó tó dé

Ọ̀rọ̀ tó kù yìí kan Nàìjíríà àti Benin gan-an. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ìgbà tí ọkọ̀ di òfò abá-pátápátá-dọ́gba: ní New York, bí owó àtúnṣe bá tó ìdá 75 nínú 100 iye ọkọ̀, ní Florida, ìdá 80, ní Texas, àfi tó bá tó 100. Wọ́n á wá fún un ní ìwé àmì pé òkú mọ́tò ni, wọ́n á sì gbé e lọ sí ọjà gbàǹjo, níbi tí àwọn ọmọ wa tó ń ṣe òwò tòkunbọ̀ ti ń rà á. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ń lo lẹ́tà láti Oṣù Kẹwàá ọdún 2017: A fún èyí tí gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ di rírún, B fún èyí tí wọ́n lè tú àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tà ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ padà sí títì, S fún èyí tí egungun rẹ̀ bàjẹ́ tó sì ṣeé tún ṣe, N fún èyí tí ìbàjẹ́ rẹ̀ kò kan egungun. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti gba èbúté Kútọnù tàbí Tin Can wọlé, tí wọ́n ti nà án, tí wọ́n ti kùn ún, àmì yẹn kì í sábà tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò gùn ún.

Èyí kan ìpinnu wa lọ́nà tí ènìyàn kì í tètè rò. Ọkọ̀ tí a fẹ́ tún ṣe lè jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti tún ṣe rí, tí igi irin rẹ̀ ti wọ́ lẹ́ẹ̀kan ní òkè òkun kó tó wọ́ lẹ́ẹ̀kejì ní Ṣágámù. A kì í sì í ṣe ifá kó má hùwà ẹ̀kúrọ́. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ oní-àmì 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ni a ó fi wádìí ìtàn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún un. Kí onímọ́tò wádìí rẹ̀ kó tó sọ pé òun gbà kí wọ́n tún un ṣe. Bó bá rí i pé wọ́n ti kà á sí òkú rí, kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jà fún àtúnṣe. Kó sì mọ̀ pé adíyelófò tó bá rí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lè dín iye tí yóò fi lé ọkọ̀ náà kù.

Ìfọwọ́sí

Nígbà tí gbogbo ọ̀rọ̀ bá ti rí ojútùú, ìwé kan yóò dé tí yóò sọ pé onímọ́tò ti gba ohun tó tọ́ sí i, kò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́ lórí òfò yìí. Ẹyin lohùn. Bí ó bá fọwọ́ sí i kí pánẹ́ẹ̀lì-bítà tó tú ọkọ̀ wò, ìbàjẹ́ tó bá yọjú lẹ́yìn náà ti di tirẹ̀. Bó bá jẹ́ àtúnṣe ni wọ́n yàn, kí ó gba ọkọ̀ rẹ̀ wò ní ọ̀sán gangan, kó wà á lórí ọ̀nà tó tẹ́jú kó lè rí i bóyá ó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó wo bí àlàfo ilẹ̀kùn ṣe rí ní ọ̀tún àti ní òsì, kó tó buwọ́ lu ìwé pé iṣẹ́ ti parí. Bó bá jẹ́ owó ni, kó rántí pé láti ọjọ́ tí ó ti gbà á ni ẹ̀tọ́ láti lépa ẹni tó jẹ̀bi ti di ti ilé-iṣẹ́ adójútòfò, nítorí náà kò gbọdọ̀ lọ bá ẹni náà parí ọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, kó má baà di ẹni tó gba owó lẹ́ẹ̀mejì lórí òfò kan.

Ìdánrawò

1. Ọkọ̀ kan tó ₦8,000,000, iye yẹn náà ni wọ́n kọ sínú ìwé. Òkú rẹ̀ yóò tó ₦2,500,000, àtúnṣe yóò gba ₦4,500,000, lẹ́yìn àtúnṣe yóò sì tó ₦6,300,000. Ìpín onímọ́tò jẹ́ ìdá 10 nínú 100 òfò. Ṣe ìṣirò ti ilé-iṣẹ́, kí o ṣe ti onímọ́tò, kí o sì sọ iye tí àwọn méjèèjì lè fi ẹnu kò lé tí kò fi ní sí ẹni tó pàdánù.

2. Kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ, láti sọ pé o kò gbà kí wọ́n tún ọkọ̀ rẹ tí àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti tú ṣe láìra òmíràn sí i.

3. Lọ sí ọgbà pánẹ́ẹ̀lì-bítà kan ní àdúgbò rẹ, kí o bi ọ̀gá ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé irin abẹ́ ọkọ̀ ti padà sí ipò rẹ̀. Fi ìdáhùn wọn wé ohun tí orí yìí sọ.